Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ Tí A Fẹ́ Kó Lọ sí Bọ́ǹdù

Ìṣirò ni mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìlọ́bù, mo sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ náà ti ba ìwà mi jẹ́ díẹ̀. Bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé èrò bí igba ló wá síbi ìpàdé, n ó bi í pé ṣé igba géérégé ni àbí ó lé. Níbi ìsìnkú pàápàá, mo máa ń ka àga. Inú sì máa ń tètè bí mi sí ẹni tí kò bá rí ohun tí èmi ti rí lójú pátákó. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ tí mo bí náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọkọ mi tó ti di olóògbé mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá àti orin ní kíláàsì tó fara ti tèmi. Ògiri tó wà láàrin wa kò dé òkè àjà, nítorí náà, ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ìsọdipúpọ̀, orin ló ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Bí mo bá ní kí ọmọ kan sọ méje lọ́nà mẹ́jọ fún mi, yóò kọ́kọ́ mi èjìká kó tó dáhùn. Mo bá obìnrin náà jà fún ọdún méjì gbáko. Ní ọdún kẹta, a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun nínú abọ́ kan, a ò sì dáwọ́ dúró títí a fi fẹ̀yìntì.

Ọdún kan náà la fẹ̀yìntì. Nígbà tí owó wa jáde, kò sí mọ̀lẹ́bí tí kò rántí pé òun fẹ́ràn wa. Kí gbogbo ìfẹ́ yẹn má baà jẹ owó náà tán, a gbé èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń báni dókòòwò ní Òṣogbo. Wọ́n ní ká fi yá ìjọba fún oṣù mẹ́ta. Tíríṣọ̀ bíìlì ni wọ́n ń pè é. Bí oṣù mẹ́ta bá pé, ìjọba á dá owó padà tèlé-tèlé, a ó kó èlé, a ó tún buwọ́ lùwé, owó á tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Èlé ga lásìkò náà, ó sì dùn mọ́ wa.

Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta yìí náà la fi ń rí ara wa. Ìlọ́bù àti Ìfọ́n súnmọ́ra débi pé ẹni tó bá yára rìn kò ní mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sí èkejì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà láàrin wọn kí wọ́n tó bí mi. Ìjà tó wáyé kẹ́yìn le. Kónílé-ó-gbélé ti kúrò, ọjà ti ṣí, síbẹ̀ ọkàn àwọn èèyàn ò tíì ṣí tán. Èmi kì í lọ sílé rẹ̀ mọ́, òun náà kì í wá sílé mi. Kò sẹ́ni tó ní ká má lọ. Wọ́n kàn máa ń woni ni, wọn á wá béèrè ohun tí a lọ ṣe. Bí a bá dáhùn pé a lọ kí ọ̀rẹ́, wọn á tún woni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí ẹni tó ti fẹ̀yìntì ń lọ ṣe ní Òṣogbo. Nítorí náà, oníkálukú á wọ mọ́tò láti ìlú tirẹ̀, a ó pàdé nínú ọ́fíìsì yẹn, a ó buwọ́ lùwé níṣẹ́jú mẹ́wàá, a ó sì fi ìyókù ọjọ́ náà jẹ móínmóín, ká máa sọ̀rọ̀ àwọn tí kò sí níbẹ̀. Mo máa ń fojú sọ́nà fún ọjọ́ náà ju ọdún Kérésìmesì lọ.

Ọmọbìnrin tó ń bójú tó ìwé wa ní ọ́fíìsì ọ̀hún ti sọ fún wa láìmọye ìgbà pé a lè máa ṣe gbogbo rẹ̀ lórí fóònù láti ilé. Ọ̀rẹ́ mi ní rárá o, òun ò lè fi àtàǹpàkò ti owó òun lọ síbi tí ojú òun ò tó. Mo rò pé ìbẹ̀rù ló ń ṣe é.

Ọjọ́ kan la dé ibẹ̀ tí ọmọ náà kúnlẹ̀ kí wa, tó dìde, tó jókòó, tó wá tún gíláàsì ojú rẹ̀ tò.

"Ẹ̀yin ìyá mi, èlé ti fẹ́ máa bọ̀ wálẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá ń yí i lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta báyìí, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá padà wá, èyí tẹ́ ẹ máa bá ńlẹ̀ á kéré sí tẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká tètè kó o sí bọ́ǹdù ọlọ́dún mẹ́wàá, ìjọba náà lẹ ṣì máa yá. Èlé tí wọ́n bá kọ sí i lónìí, òun náà ni wọ́n á máa san títí ọdún mẹ́wàá á fi pé, bí èlé tìta tiẹ̀ jábọ́. Bí tìta bá sì ṣe ń jábọ́, bẹ́ẹ̀ ni iye tí wọ́n á fẹ́ fi ra tọwọ́ yín á máa lọ sókè. A ní láti tún pọtifólíò yín tò, mà."

"Pọ̀tọ̀ kí ni?" ni ọ̀rẹ́ mi béèrè.

"Pọtifólíò, mà. Gbogbo ibi tówó yín wà, tá a bá kó o pọ̀."

"Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀," ni ọ̀rẹ́ mi wí, ó sì mi orí bí adájọ́. "Ẹ wá wò ó o. Èmi náà ti wá dẹni tó ní pọ̀tọ̀pọ́tọ̀."

Láti ọjọ́ náà lọ, kò pe owó wa ní orúkọ mìíràn mọ́. Mo kọ́kọ́ ń tún un ṣe fún un. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, èmi pàápàá ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Àlàyé ọmọ yẹn wọ̀ mí lára bí omi tútù. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá mi sọ̀rọ̀ tí nǹkan kan ń lọ sókè tí nǹkan kan ń lọ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Mo fẹ́ buwọ́ lùwé lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní ká ṣe é lóṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan sí i ná, kí òun lọ rò ó, ọdún mẹ́wàá jìn. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo bínú délé. Kì í ṣe nítorí tèmi. Àwọn ọmọ mi ń fi nǹkan ránṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní tirẹ̀, èlé yìí ló fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ríru, òun náà ló fi ń ra gáàsì tó fi ń dáná. Bí èlé bá ń wálẹ̀ tí òun sì jókòó sínú oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, bó pẹ́ bó yá, yóò máa lo oògùn náà ní ọjọ́ kan, kó fo ọjọ́ kejì. Mo mọ̀ ọ́n. Kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo pinnu pé kí ọjọ́ náà tó tún pé, ọ̀rọ̀ bọ́ǹdù á yé e tàbí kí n má jẹ́ tísà mọ́.

Bí mo ṣe di tísà orí fóònù nìyẹn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọ yàrá mi, àfi kí n lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi níwájú ilé, níbẹ̀ náà, àfi kí n pariwo.

"Èlé ń wálẹ̀, owó bọ́ǹdù ń lọ sókè! Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́. Ta ló ń tì í sókè?"

"Kò sẹ́ni tó ń tì í!"

"Ó kàn ń dá gun òkè fúnra ẹ̀?"

"Nítorí èlé tó ti wà lára tàtijọ́ dáa ju tàwọn tuntun lọ ni wọ́n ṣe ń du ú!"

"Hẹn-ẹn. Orúnkún ẹ ńkọ́?"

Báyìí la ṣe ń ṣe é lálaalẹ́, láàrin àdúrà ìrọ̀lẹ́ àti oúnjẹ. Bí mo bá ti dé ibi tó ṣe kókó, orúnkún mi ni yóò béèrè, tàbí kó bi mí bóyá ọmọ mi obìnrin ti bímọ. Mo fi ọ̀rọ̀ gún un. Mo ní orí rẹ̀ kú. Mo ní orin ti jẹ ọpọlọ rẹ̀ tán. Ó ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ó sì kọ ọ̀kan sí mi létí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, sùúrù mi tán pátápátá. Mo dúró ti táǹkì, mo fi ọwọ́ kan di etí, mo kígbe pé, "Gbọ́ mi dáadáa! Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ wa, gbogbo ẹ̀ ni ká kó lọ sí bọ́ǹdù! Kíá ni ká kó o! Tá a bá fi falẹ̀, àwọn ẹlòmíì á ti débẹ̀ ṣáájú wa!"

Bàbá kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi, òṣìṣẹ́ kóòtù ni kó tó fẹ̀yìntì. Ọ̀kan nínú etí rẹ̀ ti fẹ̀yìntì ṣáájú rẹ̀. Èyí tó kù gbọ́ pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, ó gbọ́ pé ká kó o lọ kíá, ó sì gbọ́ bọ́ńdárì. Láyé àtijọ́, ààlà là ń pè é, ṣùgbọ́n látìgbà tí ìjọba ti ń rán àwọn tó ń wọn ilẹ̀ wá, bọ́ńdárì ló kù lẹ́nu tọmọdé tàgbà ní Ìlọ́bù, bọ́ńdárì kan ṣoṣo la sì mọ̀, èyí tó wà láàrin àwa àti Ìfọ́n. Ẹni tó bá sì ń kó pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ lọ síbẹ̀, ilé ló fẹ́ mọ. Bàbá náà kò sùn dáadáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àgbà mẹ́ta dé sílé mi: bàbá elétí kan yìí, baálé agboolé wa, àti bàbá kan tí n kò mọ ohun tó bá wá. Mo kúnlẹ̀. A kí ara wa kú àárọ̀, wọ́n kí mi kú ilé, mo kí wọn kú àbọ̀, wọ́n béèrè àwọn ọmọ, mo béèrè àwọn ìyàwó, a kí oòrùn, a kí òjò tí kò tíì rọ̀. Mo rí i pé wọn ò fẹ́ kí ìkíni náà tán. Níkẹyìn, baálé wúkọ́.

"Tísà, a ò bá ìjà wá. A kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ ni. Ṣé lóòótọ́ ni pé ìwọ àti obìnrin Ìfọ́n kan fẹ́ kọ́lé sí bọ́ńdárì?"

Mo ní, "Èmi kẹ̀, bàbá?"

"Ilé alámọ̀," ni bàbá elétí kan fi kún un. "Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ti wà nílẹ̀. O ní kí wọ́n tètè kó o kí wọ́n má baà gba ibẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Mo gbọ́ ọ kedere."

"Ta ló tún ń fi pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ kọ́lé láyé ìsinsìnyí?" ni bàbá kẹta béèrè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn, ó sì mọ́gbọ́n dání.

Ẹni tí orí rẹ̀ pé ì bá ti sọ pé owó ni, kì í ṣe ilẹ̀, kí wọ́n máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n tísà ni mí. Bí mo ṣe rí àwọn mẹ́ta tí wọ́n jókòó tí wọn ò mọ nǹkan kan, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ṣọ́ọ̀kì. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo da odó kékeré mi dùbúlẹ̀ lójúde, mo fi pákó kan dábùú rẹ̀ bí jangírọ́fà àwọn ọmọdé. Mo wá ohun tí n ó fi di ẹ̀gbẹ́ kan mọ́lẹ̀, n kò rí nǹkan kan nítòsí ju igbá èlùbọ́ tí mo fẹ́ jọ̀. Mo gbé e lé e.

"Ẹ̀yin bàbá mi, iye tí bọ́ǹdù tó nìyí, ó wà nílẹ̀. Èlé ló wà lókè lọ́hùn-ún yẹn, ẹ wò ó bó ṣe ga. Ní báyìí, èlé fẹ́ máa bọ̀ wálẹ̀." Mo kọjú sí bàbá elétí kan. "Bàbá, ẹ bá mi fẹsẹ̀ tẹ èlé wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀."

Ó gbọ́ pé kí òun tẹ̀ ẹ́. Kò gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Bàbá náà dìde, ó ká agbádá rẹ̀ sókè, ó sì fi gbogbo ara gun èlé.

Èlùbọ́ náà lọ sókè ju bí bọ́ǹdù kankan ṣe lè lọ. Nígbà tó máa bọ̀, orí baálé ló bọ́ sí. Ó funfun láti fìlà dé bàtà. Ojú rẹ̀ méjèèjì nìkan ló hàn, wọ́n sì ń wò mí. Adìyẹ mi sá wọlé. Baálé sín lẹ́ẹ̀mejì, èlùbọ́ díẹ̀ jáde.

"Ó ti yé mi," ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Kì í ṣe ilé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ bó ṣe ń ṣe nìyí, Tísà, má jẹ̀ẹ́ kó dé àdúgbò yìí."

Mo kúnlẹ̀, mo ń fi gèlè gbọ̀n ọ́n, bí mo ṣe ń gbọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀ ló ń wọ irùngbọ̀n rẹ̀. Bàbá elétí kan ń béèrè bóyá kí òun tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Nígbà tí wọ́n ń lọ, baálé dá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"A mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ẹ ni," ó ní. "Kò sí nǹkan tó burú ńbẹ̀. Ẹ ṣáà rọra ṣe é. Ìlú ò tíì tòrò tán."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú rárá, ìdí nìyẹn tó fi dùn mí. Mo gbá èlùbọ́ náà dànù.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rọra sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti dé Ìfọ́n, àbúrò ọkọ òun ti wá bi òun pé pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ wo ni obìnrin Ìlọ́bù kan fẹ́ kó wá bá òun. Òun sì dá a lóhùn pé ìpara ojú ni, èyí tí wọ́n fi ń mú kí ojú àgbà jọ tọmọdé. Láti ìgbà náà, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ ti béèrè tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, mo ti dé Òṣogbo kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì. Mo gbé ìwé ìṣirò kan dání, mo ti ya gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, èlé ní bírò pupa, bọ́ǹdù ní bírò búlúù, ọdún kọ̀ọ̀kan títí dé ìkẹwàá. Ọ̀rẹ́ mi wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ó gbé ẹ̀pà sísè nínú ọ̀rá, ó fún ọmọ ọ́fíìsì, ó fún mi, ó jókòó, ó kó ẹsẹ̀ jọ. Èlé ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lóòótọ́ bí ọmọ náà ṣe wí. Ó gbé fọ́ọ̀mù bọ́ǹdù síwájú wa. Mo buwọ́ lu tèmi wéré, mo kó gbogbo owó mi sí i. Ọ̀rẹ́ mi mú bírò. Ó wo fọ́ọ̀mù. Ó bó ẹ̀pà kan.

Mo ṣí ìwé mi, mo bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní. Ó ń mi orí. Mo dé ọdún kẹwàá. Ó bó ẹ̀pà mìíràn, ó ní ṣé a ò wá lè ṣe é lóṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan sí i?

Mo gbaná jẹ. Mo gbàgbé pé inú ọ́fíìsì ọlọ́fíìsì la wà. "Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì! Mo da èlùbọ́ sórí baálé nítorí ẹ! Ọmọ kíláàsì kẹrin á ti mọ̀ ọ́n! Kí gan-an ni ò yé ọ ńbẹ̀?"

Ó gbé bírò sílẹ̀.

"Ó ti yé mi látọjọ́ tọ́mọ yìí ti sọ ọ́," ó ní. "Ẹ̀gbẹ́ kíláàsì ẹ ni mo wà fún gbogbo ọdún yẹn, ta lo rò pó ń gbọ́ ìṣirò? Bí ọ̀kan bá wálẹ̀, èkejì á lọ sókè. Ó dáa. Tá a bá ti wá buwọ́ lù ú, èlé á máa dá wọ báǹkì fúnra ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó máa ní ká wá mọ́."

"Ìyẹn gan-an ló dáa ńbẹ̀!" ni mo wí.

"Kí ni n ó wá máa sọ nílé pé mo ń lọ ṣe l'Óṣogbo?"

Mo wo ìwé mi, pupa àti búlúù, kò sí ibì kan tí mo ti ṣírò ìyẹn. Ojú tì mí dé ẹsẹ̀. Obìnrin tí mo fẹ́ràn jù láyé lẹ́yìn àwọn ọmọ mi ti ń ṣe bí aláìmọ̀kan fún oṣù mẹ́ta, ó jẹ́ kí n máa bú òun, kí ó má baà pàdánù mi, èmi sì ń fi gbogbo ohùn mi lé e pé kó buwọ́ lù ú. Omi bọ́ lójú mi sórí ọdún kẹfà.

Síbẹ̀, n kò lè jẹ́ kí owó oògùn rẹ̀ dínkù. Mo nu ojú, mo bi ọmọ ọ́fíìsì léèrè iye tó kéré jù tí wọ́n lè gbà fún ti oṣù mẹ́ta. Ó sọ ọ́. Mo fa fọ́ọ̀mù mi ya, mo ní kó mú òmíràn wá, méjì fún èmi, méjì fún ọ̀rẹ́ mi. Èyí tó pọ̀ lọ sí bọ́ǹdù, tèmi àti tirẹ̀, ọ̀rẹ́ mi sì buwọ́ lù ú láìbó ẹ̀pà kankan. Èyí tó kéré jù yẹn, a fi sílẹ̀ sínú oṣù mẹ́ta.

"Ṣé ká máa bá yín yí i látibí, mà," ni ọmọ náà béèrè, "kẹ́ ẹ má baà máa ṣe wàhálà wíwá?"

"Rárá!" ni àwa méjèèjì kígbe pọ̀. Ẹni tó wà nídìí tábìlì kejì yíjú.

Ọmọ náà tẹ ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀, ó wò ó, ó tún un tẹ̀. Àánú wa ṣe é. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú o. Èlé tẹ́ ẹ máa rí lórí èyí tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ yìí, kò lè tó owó mọ́tò yín wá síbí."

Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó gbé e wá ká buwọ́ lù ú.